Òdòdó Mẹ́fà fún Ausma

Èyí kì í ṣe àlọ́ o. Arvīds tó ń ṣọ́ ilé ìtọ́jú àtijọ́ kan ṣì wà láàyè ní abúlé Smilšciems. Ẹni tí kò bá gbà á gbọ́, kó lọ bi í.

Ọmọ ọdún márùn-ún ni Dzidra nígbà tí wọ́n gbé Ausma, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, lọ sí ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ oníkọ́ ẹ̀gbẹ tó wà létí òkun níbẹ̀. Kò pẹ́ tí lẹ́tà fi dé pé Ausma ti kú. Wọn kò gbé òkú wá, wọn kò sì fi sàréè kankan hàn wọ́n. Dzidra dàgbà, ó darúgbó, ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀: ṣé òótọ́ ni ọmọ yẹn kú?

Nínú oṣù kẹsàn-án kan, ó ra òdòdó mẹ́fà, ó wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, ẹyọ kan, mẹ́ta tàbí márùn-ún ni wọ́n ń fún alààyè. Òkú ló ni méjì, òkú ló ni mẹ́rin àti mẹ́fà.

Arvīds ṣílẹ̀kùn fún un.

"Ẹ rọra o, Ìyá. Aago méjì ti lù. Àsìkò oorun ọ̀sán wọn nìyí."

"Oorun ta ni? Ṣebí ilé yìí ti ṣófo láti ọgbọ̀n ọdún."

"Mo mọ̀. Ẹ ṣáà rọra."

Nínú yàrá gbọọrọ tí ibùsùn àwọn ọmọ ti máa ń kọjú sí òkun, Dzidra to òdòdó rẹ̀ sójú fèrèsé. Ó dijú, ó gbàdúrà. Kò sí atẹ́gùn rárá. Nígbà tó lajú, márùn-ún ló kù.

"Arvīds, gbé e wá. Mi ò fẹ́ irú eré yìí."

"Kí ni màá fi òdòdó ṣe, Ìyá? Ṣé màá sè é ni?"

Ẹnu ọ̀nà lọ́hùn-ún ló ṣì dúró sí.

Dzidra sùn sí abúlé náà. Lọ́jọ́ kejì, ó ra mẹ́fà mìíràn, ó ní kí Arvīds bá òun kà á. Mẹ́fà ni. Ó dijú. Ó gbọ́ èémí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bíi ti ọmọdé tó sùn wọra. Ó lajú. Márùn-ún.

"Ṣé bó ṣe máa ń ṣe gbogbo èèyàn nìyí?"

Arvīds mirí. "Ti àwọn yòókù kì í dín. Tiyín nìkan ni."

Ayọ̀ gba Dzidra lọ́kàn.

"Márùn-ún ni ti alààyè. Ausma kò gba ti òkú, àbí o ò rí i? Wọ́n purọ́ fún màmá mi. Ẹ̀gbọ́n mi ò kú!"

Arvīds fi ìka lé ètè, ó sì tilẹ̀kùn jẹ́ẹ́.

Nínú bọ́ọ̀sì, Dzidra kiwọ́ bọ àpò ẹ̀wù òtútù rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kan ohun kan tó tutù. Ó fà á jáde. Òdòdó ni, iyanrìn òkun wà lára rẹ̀, wọ́n fi òwú so ó, pẹ̀lú kókó ràdàràdà tí ọmọdé máa ń ta.

"Ìyá, tíkẹ́ẹ̀tì yín dà?" Awakọ̀ ló ń pè é.

Dzidra ń ka òdòdó ọwọ́ rẹ̀. Ó tún un kà, bóyá ó lè di ẹyọ kan.

Méjì ni.