Ìpè Orúkọ Lẹ́sẹ̀ Sójà Òkúta

Nígbà tí wọ́n fa aṣọ kúrò lórí sójà òkúta náà, àwọn èèyàn tó pé jọ ló dojú kọ.

Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Igbó ìhà gúúsù, níbi tí ọ̀tá ti yọ sí wọn nígbà ogun, ni wọ́n ní kó máa wò, nítorí sójà kì í kẹ́yìn sí ọ̀tá, ì báà jẹ́ sójà òkúta. Bíríkìlà tó gbé e dúró ń búra pé ọwọ́ òun kọ́, pé igbó lòun dojú rẹ̀ kọ kí òun tó daṣọ bò ó. Àwọn ogbó sójà bú sẹ́rìn-ín.

"Ọtí lo mu," ọ̀kan nínú wọn wí.

"Ẹnu mi ò kan ọtí láti àná!"

"Á jẹ́ pé òkúta ló bá ọ mu ún."

Ẹ̀rín tún sọ. Kẹ̀túrà Kímẹ̀lì nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú gírígírí. Ọmọ ọdún márùn-ún ni, ó sì dà bíi pé ọ̀gangan ọmọ náà gan-an ni òkúta ń wò.

Ó ti lé ní ogún ọdún tí wọ́n ti ja ogun náà lórí Òkè Tánà, nílẹ̀ Pẹnsilfénià. Àwọn ọmọ àgbẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ àti àwọn tísà àdúgbò ló da ẹgbẹ́ ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ àwọn ogbó sójà yìí sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó fipá mú wọn. Wọ́n kàn tò sójú títì ni, wọ́n pe orúkọ, ẹni tó bá sì ti ní "Mo wà ńbí, sà," ó ti fara rẹ̀ jìn nìyẹn. Nígbà tó yá, wọ́n gun òkè yìí lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìdajì wọn ò sì sọ̀kalẹ̀ mọ́. Àwọn tó kù dàgbà, irun wọn funfun, wọ́n wá ní àwọn fẹ́ fi òkúta ṣe ìrántí. Wọ́n jà, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ lu ara wọn lórí ibi tí yóò dúró. Ẹṣin ló wá bá wọn parí ẹjọ́. Àwọn ẹṣin náà wọ́ òkúta láti ibùdókọ̀ ojú irin, wọ́n gòkè dé agbedeméjì pápá, wọ́n sì kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n nà wọ́n títí, wọn ò gbẹ́sẹ̀. Àwọn ogbó sójà ní ó dáa, kí òkúta dúró síbẹ̀ náà. Kò sẹ́ni tó bi ẹṣin léèrè ohun tó rí.

Ìyá ọkọ Kẹ̀túrà, Ìyá Dọ́kásì, wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí aṣọ lórí òkúta náà. Àkọ́bí rẹ̀, Lẹ́múẹ́lì, wà lára àwọn tó gòkè lọ jagun. Ọmọkùnrin náà kò tíì pé ogún ọdún, wọn ò sì rí òkú rẹ̀ títí dòní. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọmọ ẹni kú, ó yá ju ọmọ ẹni nù lọ. Ìyá Dọ́kásì kò wọ aṣọ ọ̀fọ̀ rí. Ó ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ọmọ rẹ̀, ó ń ká a. "Tí Lẹ́múẹ́lì bá dé" kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí Kẹ̀túrà bí ọmọkùnrin, kó tó dìde lórí ẹní ìkúnlẹ̀ ni ìyá àgbà ti gbé ọmọ sókè, tó sì ti pè é ní Lẹ́múẹ́lì. Ọkọ Kẹ̀túrà, tó ń ṣiṣẹ́ ojú irin lọ́nà jíjìn, kò lè bá ìyá rẹ̀ jiyàn.

Bí wọ́n bá ti pé jọ, àwọn ogbó sójà a máa pe orúkọ gbogbo ẹgbẹ́, àti òkú àti alààyè. Alààyè á dáhùn fúnra rẹ̀. Tó bá kan òkú, ẹnì kan á ṣí fìlà, á ní: "Ó kú sójú ogun." Kápúténì Fẹ́nà, ọ̀gá wọn nígbà ogun, ló ń pè é láti orí wá, kò wo ìwé. Lọ́jọ́ náà, ó pè é títí ó fi kan Kímẹ̀lì.

"Lẹ́múẹ́lì Kímẹ̀lì!"

Kí ẹnikẹ́ni tó ṣí fìlà, Ìyá Dọ́kásì ti di ọmọ náà lẹ́yìn ọrùn mú, ó tì í síwájú. Ọmọ náà na ọrùn, ó kígbe:

"Mo wà ńbí, sà!"

Àwọn obìnrin bú sẹ́kún, àwọn ọkùnrin ń pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n Kápúténì gbé etí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, bí ẹni tó gbọ́ ohùn méjì níbi tí àwọn yòókù ti gbọ́ ẹyọ kan.

"Ìyá, kí lẹ kọ́ ọmọ mi yìí?" Kẹ̀túrà sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Ọmọ ta? Orúkọ ta ló ń jẹ́? N ò ní jókòó síbí kí wọ́n máa pe ọmọ mi lókùú lójú mi. Mo fẹ́ gbọ́ 'mo wà ńbí' yẹn lẹ́ẹ̀kan kí n tó kú. Fi mí lọ́rùn sílẹ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹrẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ọmọ náà dé orúnkún. Ọ̀dá sì ni, òjò ò rọ̀. Kẹ̀túrà fọ̀ ọ́, ó gbóòórùn irun rẹ̀, ẹ̀tù ìbọn ló ń rùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìgbálẹ̀ lé èjìká, tó ń rìn lọ rìn bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà.

"Lẹ́mù, wá jẹun."

"Wọn ò tíì gba iṣọ́ lọ́wọ́ mi."

"Àwọn wo?"

Ọmọ náà wò ó, ó rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ìgbà tí àgbà bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé. Ó kọ búrẹ́dì gbígbóná. Bísíkíìtì gbígbẹ tó ti pẹ́ ní kọ́bọ́ọ̀dù ló mú jáde, ó ń gbá a mọ́ etí tábìlì, pó, pó, kí kòkòrò inú rẹ̀ lè já bọ́. Bí àwọn sójà ṣe ń ṣe nígbà ogun nìyẹn. Ta ló kọ́ ọ? Ó ń rù. Ara rẹ̀ ń tutù. Kẹ̀túrà kò sùn mọ́. Á gbé etí lé e láyà, á máa gbọ́ ìmí rẹ̀, ẹ̀rù a sì máa bà á pé ìmí tó tẹ̀ lé èyí lè má wá.

Lọ́jọ́ kan tó ń ya irun rẹ̀, ọmọ náà ní: "Màámi, Sájẹ́ǹtì ní ọ̀la la ń gbéra, tí oòrùn bá ti ń rọ̀. Ẹ máa wá sìn mí, àbí?"

Kẹ̀túrà ju kóòmù sílẹ̀, ó sáré tọ Kápúténì lọ. Bàbá náà ń tọ́jú oyin lẹ́yìnkùlé. Kò béèrè ohun tó gbé e wá.

"Kápúténì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ọ́ kúrò. Ẹ̀yin lẹ pè é."

"Pípè nìkan ni tèmi, ọmọ mi. Ẹni tó bá dáhùn ló fara rẹ̀ jìn."

"Ọmọdé ni!"

"Àwọn ọmọdé wá bá wa nígbà yẹn náà, wọ́n ń parọ́ ọjọ́ orí." Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Tí òbí bá wá sí bùdó, tó ní òun ò yọ̀ǹda ọmọ òun, à ń dá a padà. Òfin ni."

"Mo ti dé nìyí. N ò yọ̀ǹda rẹ̀!"

Bàbá náà mi orí. "Ìwọ kọ́ lo fà á lé wa lọ́wọ́. Ẹni tó mú un wá ló lè gbà á. Ìyá ọkọ rẹ ní Lẹ́múẹ́lì òun nìyí. Àfi kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ibi tí Lẹ́múẹ́lì rẹ̀ wà."

Ìyá Dọ́kásì ń lọṣọ nígbà tí Kẹ̀túrà kó ọ̀rọ̀ náà dé iwájú rẹ̀. Kò jẹ́ kó parí.

"Kí n ní ọmọ mi kú? Ṣé o rí òkú rẹ̀ ni? Ìwọ tó o wọlé wá níjelòó!"

"Ẹ wo èyí tó wà láàyè, Ìyá. Ẹ sáà wò ó."

Ọmọ náà dúró lójú fèrèsé, ó nà ṣánṣán. Ó yíjú padà díẹ̀díẹ̀. Ìyá àgbà ló máa ń pe arúgbó náà láti ìgbà tó ti mọ̀rọ̀ ọ́ sọ. Ṣùgbọ́n ohùn tó jáde lẹ́nu rẹ̀ báyìí ti ki, ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin ni.

"Mámà, ẹ bá mi wá ìbọ̀sẹ̀ mi tó nípọn. Ibẹ̀ tutù."

Áyọ́ọ̀nù bọ́ lọ́wọ́ arúgbó náà. Ayọ̀ ló kọ́kọ́ hàn lójú rẹ̀, ìyẹn ló sì ba Kẹ̀túrà lẹ́rù jù lọ.

"Lẹ́mù mi," ó ní. "Lẹ́mù mi ti dé."

Kẹ̀túrà kò pariwo. Ó rọra dì í lọ́wọ́ mú. "Ìyá, tí ìyẹn bá wọlé, èyí á jáde. Ẹ̀yin mọ bí ó ṣe ń rí kéèyàn máa tẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí ẹnì kan ò sùn sí. Ṣé ẹ fẹ́ kí èmi náà máa tẹ́ ẹ ni?"

Ìyá Dọ́kásì ń wo aṣọ tó ń jó lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, kò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ń jó.

Nígbà tí oòrùn ń rọ̀ lọ́jọ́ kejì, àwọn mẹ́rin ló wà lórí òkè: Kápúténì, ìyá àgbà, Kẹ̀túrà àti ọmọ. Èéfín funfun kan fẹ́ jáde láti inú igbó, ó fara jọ kùrukùru, ṣùgbọ́n ó ń ta ènìyàn nímú. Kápúténì bẹ̀rẹ̀ sí í pe orúkọ. Kò sẹ́ni tó dáhùn, síbẹ̀ bó bá ti pe ọ̀kan, afẹ́fẹ́ á gbọ̀n díẹ̀, bíi pé ẹnì kan na ara rẹ̀ ró. Ọmọ náà já ọwọ́ gbà mọ́ ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Agbára yẹn kì í ṣe ti ọmọ ọdún márùn-ún. Ó lọ dúró sínú koríko, ó fi àyè sílẹ̀ lápá ọ̀tún, ó fi sílẹ̀ lápá òsì, bí ẹni tó wà láàárín ìlà.

"Lẹ́múẹ́lì Kímẹ̀lì!"

Ọmọ la ẹnu. Ìyá Dọ́kásì fò mọ́ ọn, ó fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Ó kú," ó wí.

"Ẹ sọ ọ́ sókè, ìyá," Kápúténì ní.

"Lẹ́múẹ́lì ọmọ mi kú! Orí òkè yìí ló kú sí! Ọmọ ọmọ mi lèyí. Mi ò yọ̀ǹda rẹ̀. Mo gbà á padà!"

Ọmọ náà rọ. Kẹ̀túrà gbé e kó tó balẹ̀, ara rẹ̀ gbóná, ó ń hanrun bí ọmọ tó ṣeré títí tó rẹ̀. Omi bọ́ lójú Kẹ̀túrà. Ó ti fẹ́ máa sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ohùn kan jáde láti inú koríko, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí ọmọ náà ti dúró.

"Mámà, ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

Kápúténì ṣí fìlà. Ìyá Dọ́kásì kúnlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ó na ọwọ́ síwájú, ó ń gbé e lọ gbé e bọ̀ nínú afẹ́fẹ́ bí ẹni ń fọwọ́ pa ọmọ lórí.

"Èmi ni mo sọ ọ́, ọkọ mi. Ogun ti tán. Sùn."

Ó pẹ́ kí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀. Lẹ́yìn náà, koríko tẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú arúgbó náà, gígùn rẹ̀ tó ènìyàn kan. Òmíràn tẹ̀ lé e. Òmíràn. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀ láìsí atẹ́gùn, bí ìgbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn tí àárẹ̀ mú bá ń dùbúlẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Etí igbó ni Kẹ̀túrà rò pé yóò gbà lọ, ibi tí ogun ti wá. Ṣùgbọ́n ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá, ó sọ̀kalẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè lọ síbi tí sójà òkúta dojú kọ, koríko ń wólẹ̀ ní méjì-méjì, mẹ́ta-mẹ́ta, títí dé ògiri ilé àkọ́kọ́ nínú ìlú, ó sì wọ ọgbà ilé náà lọ.