Ta Ló Nu Egungun Anselmo?

Nígbà tí Casimira Poot ṣí àpótí egungun ọkọ rẹ̀ ní itẹ́ òkú, ẹlòmíràn ti nu egungun náà ṣáájú rẹ̀.

Ó dúró tòun ti búrọ́ọ̀ṣì kékeré lọ́wọ́, kò mọ ohun tí yóò fi ṣe. Láti ọdún méje tí wọ́n ti hú Anselmo jáde nínú ibojì, òun nìkan ló ń nu ún lọ́dọọdún kí Ọjọ́ Àwọn Òkú tó dé. Gbogbo ìlú Pomuch, níbi tí oníkálukú ti ń nu egungun òkú rẹ̀, ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n egungun náà funfun báláú. Wọ́n ti to ti itan sísàlẹ̀, wọ́n gbé agbárí lé e lórí, kódà wọ́n ya irun díẹ̀ tó kù lára rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Tuntun ni aṣọ tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀. Òdòdó pupa ni wọ́n fi abẹ́rẹ́ ṣe sí etí rẹ̀, orúkọ Anselmo sì wà láàárín, bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ òkú sí aṣọ egungun rẹ̀. Kì í ṣe ọwọ́ Casimira ló rán an. Ó dára ju tirẹ̀ lọ.

"Obìnrin wo nìyẹn?" Ohun tó kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn.

Catalina ọmọ rẹ̀, tó jókòó sórí òkúta pẹ̀lú oyún oṣù kẹsàn-án, bú sẹ́rìn-ín. "Màámi! Òkú lẹ ń tìtorí ẹ̀ jowú? Ta ló fẹ́ gba egungun mọ́ yín lọ́wọ́?"

"Bàbá ẹ? Mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún un, kódà báyìí."

Ẹ̀rín Catalina kò pẹ́. Ó gbé ọwọ́ lé ikùn. Láti ọ̀sán àná ni ọmọ inú rẹ̀ kò ti mira. Agbẹ̀bí ní ó dábùú, ó ní kí wọ́n ṣì máa wò ó títí di ọ̀la.

Fulgencio, bàbá arúgbó tó ń ṣọ́ itẹ́ òkú, ń gbálẹ̀ bọ̀. Casimira pè é.

"Bàbá, ta lẹ jẹ́ kó fọwọ́ kan ọkọ mi?"

"Ṣé kì í ṣe ẹbí yín ni?" Ó ya bàbá náà lẹ́nu. Kò tíì pé ọdún mẹ́ta tó ti ìlú Tenabo wá síbẹ̀. "Ìyá àgbà kan ni. Ọ̀sán gangan ló dé lánàá. Ó jókòó síbẹ̀ yẹn, ó ń ránṣọ, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, 'Chemo mi, Chemo mi.' Mo kí i, kò gbójú sókè. Ó kàn bi mí pé, oyún Catalina ńkọ́?"

"Kí lẹ wá wí?"

"Mo ní ó ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Àbí mo ṣì í sọ ni?"

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pe Anselmo ní Chemo láyé yìí: Basilia, ìyá rẹ̀, tó ti kú láti ọdún méjìdínlógún, tí àpótí tirẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọmọ rẹ̀ gan-an. Ìyá ọkọ tó ní ọwọ́ Casimira kò mọ́, tí kò jẹ oúnjẹ rẹ̀ títí tó fi kú. Nígbà tí Anselmo wà láyé, òun ló ń nu ìyá rẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ọdún mẹ́wàá gbáko, Casimira kò ṣí àpótí náà rí. Catalina, tí ìyá àgbà yìí pọ̀n dàgbà, bẹ̀ ẹ́ títí. Èsì kan náà ló máa ń fún un: "Ẹni tó ní ọwọ́ mi ò mọ́, kó máa wá ọwọ́ mímọ́ kiri."

Ó ṣí i báyìí. Òórùn ilẹ̀ tútù jáde. Egungun Basilia dúdú, aláǹtakùn ti ta okùn bo ihò ojú rẹ̀ méjèèjì. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ nìkan ló mọ́ tónítóní. Abẹ́rẹ́ wà láàárín àwọn ìka náà, òwú pupa sì wà nínú abẹ́rẹ́. Aṣọ tuntun kan wà ní àyà rẹ̀. Òdòdó etí rẹ̀ ti parí. Láàárín, ó ti bẹ̀rẹ̀ orúkọ kan: C, lẹ́yìn náà A. Ibẹ̀ ló dúró sí.

Bí orúkọ Catalina ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Casimira wo ọmọ rẹ̀. Catalina ń fọwọ́ pa ikùn yípo, ojú rẹ̀ ti fà ro.

"Màámi, kí lẹ rí?"

"Eruku ni."

Ó nu ìyá ọkọ rẹ̀ láti agbárí dé ìka ẹsẹ̀, kò fo ọ̀kankan. Ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ pé, "Ìyá, ẹ má bínú. Ẹ fi ọmọ yìí sílẹ̀ fún mi." Ó gbìyànjú láti tú òwú tó wà lára aṣọ náà. Kò tú.

Ó bá kọ ẹ̀yìn sí Catalina, ó mú abẹ́rẹ́ náà láàárín ìka Basilia, ó sì rán S.

"Kí lẹ ń rán?"

"Orúkọ tí ìyá àgbà ẹ ò rí parí."

"Orúkọ ta ni?"

"Tèmi."

"Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn ṣe?"

"Fara balẹ̀. Mi ò sọ pé mò ń lọ lónìí."

Ó rán A ìkẹyìn, ó tẹ́ aṣọ náà padà sínú àpótí. Bó ṣe fẹ́ ta kókó sídìí òwú, kókó náà ta ara rẹ̀.

Lẹ́yìn rẹ̀, Catalina ké. "Ó yí! Màámi, ọmọ yí! Ẹ wá fọwọ́ kàn án!"

Casimira fẹ́ dìde, kò lè dìde. Ohun kan tó tútù ti di ọrùn ọwọ́ rẹ̀ mú nínú àpótí. Kò fún un, kò fà á. Ó kàn mú un jẹ́jẹ́, bí ìyá ọkọ ṣe ń mú ìyàwó tuntun lọ́wọ́ wọlé.