Ọ̀wẹ̀ Jean-Baptiste

Gbogbo obìnrin tó wà létí kànga ló ká okùn wọn kúrò nílẹ̀ nígbà tí Jean-Baptiste yọ. Ó gbé korobá méjì lọ́wọ́, ó dúró lókèèrè, ó ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Agathe kò tíì rí ọkùnrin tó ga tó bẹ́ẹ̀ tó ń sọ ara rẹ̀ di kékeré.

Ọdún kejì tí Dàhòmẹ̀ gba òmìnira ni, ọ̀gbẹlẹ̀ sì mú. Ní Okpomẹ̀ta, ìlú wọn, omi jìn nínú ilẹ̀, okùn ẹni sì ni ẹ̀mí ẹni. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí ọwọ́ tó ń wẹ egbò adẹ́tẹ̀ kan okùn òun. Láràárọ̀, kí Jean-Baptiste tó lọ sóko, ó ń pọnmi lọ fún àwọn adẹ́tẹ̀ tí wọ́n kó sí ahéré lẹ́yìn ìlú. Ó ní Jésù fọwọ́ kàn wọ́n, kí ló kù tí òun ń bẹ̀rù?

“Gbé korobá rẹ wá,” ni Agathe wí.

“Okùn rẹ ńkọ́?”

“Ṣé ó sọ fún ọ pé ẹ̀rù ń ba òun ni?”

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ kejì, Agathe bá a ru korobá kan. Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ fi máa rọ̀, ó ti ń bá a di egbò Marguerite, ìyá àgbà kan nínú àwọn adẹ́tẹ̀ náà, ẹni tí àrùn náà ti jẹ ní ìka tán.

“Bí mo bá ní kí o fẹ́ mi, ìlú á máa sá fún ọ,” ni Jean-Baptiste wí lọ́nà lọ́jọ́ kan.

“Wọ́n ti ń sá. Ìwọ ni o kò tíì béèrè.”

Ó béèrè. Ṣùgbọ́n Pierre, bàbá Agathe, mi orí.

“Ènìyàn rere ni ọ́, ọmọ mi. Lọ́jọ́ ìṣòro, ta ni yóò dúró ti Agathe? Bẹ ọ̀wẹ̀ wá sóko mi. Bí mo bá rí ọkọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mú un. Bí n kò bá rí i, má wá mọ́.”

Bí wọ́n ti ń mọ ẹni tó lẹ́ni nìyẹn: ẹlẹgbẹ́ ọkọ ìyàwó á bá a ro oko àna, gbogbo wọn á sì jẹun nínú àwo kan. Ogún ọkùnrin ló ṣèlérí. Ṣùgbọ́n kò sí ìkankan nínú wọn tó wá. Wọn kò bínú sí i, ẹ̀rù àwo tí wọn yóò bá a jẹ ló bà wọ́n.

Lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀ náà, oòrùn yọ, ọkọ́ kan ṣoṣo ló ń dún nínú oko. Pierre jókòó lábẹ́ igi, ó ń wo ojú ọ̀nà. Àánú Jean-Baptiste ṣe Agathe débi pé kò lè dáná mọ́, ó mú ọkọ́.

“Ìyàwó kì í bá wọn ro ọ̀wẹ̀ ara rẹ̀,” ni bàbá rẹ̀ wí.

“Bàbá, ọkọ́ lẹ ní kí a mú wá.”

Nígbà tí ilẹ̀ gbóná tán, Marguerite dé pẹ̀lú àwọn márùn-ún láti ahéré. Wọ́n fi aṣọ so ọkọ́ mọ́ ọwọ́. Wọ́n dúró sí ìpẹ̀kun oko, wọ́n ro ibi tí ọwọ́ wọn ká. Marguerite ṣubú lẹ́ẹ̀mejì, ó sì tún dìde.

Wọ́n gbé oúnjẹ kalẹ̀. Pierre dìde.

“Mẹ́jọ ni mo rí. Agathe, àwọn àbúrò rẹ wà nílé. Bí o bá tọwọ́ bọ àwo yẹn, o kò lè wọlé mi mọ́.”

“Àyànfẹ́ mi, máa bá bàbá lọ,” ni Jean-Baptiste wí. “N kò ní bínú sí ọ láéláé.”

Agathe wo bàbá rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀, ọkàn rẹ̀ sì gbọgbẹ́.

“Bàbá, ẹ béèrè ẹni tí yóò dúró tì mí. Àwọn tó wá nìyí.”

Ó wẹ ọwọ́, ó jókòó láàárín wọn, ó bu òkèlè. Pierre mú fìlà rẹ̀, ó sì lọ láìwẹ̀yìn. Omijé ń dà lójú Agathe, ó ń jẹun.

Marguerite fi ọwọ́ rẹ̀ tí kò ní ìka ti ẹran tó tóbi jù lọ síwájú ọmọbìnrin náà.

“Jẹun, ìyàwó wa.”