Ohun Tí Akínkúnlé Fi Ọ̀dà Bò

Ọkọ̀ kan wà nínú ọgbà ilé Akínkúnlé ní Mayfair, ní Ilé-Ifẹ̀. Ká ní o gba iwájú ilé náà kọjá lọ́dún tó kọjá ni, wàá dúró wò ó. Gọ́ọ̀fù àtijọ́ ni, pupa fòò, ó kúrú, ẹ̀yìn rẹ̀ ń ṣí sókè bí ìdérí ìkòkò, irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ayé ìgbà kan fi ń sáré títí ọkàn àwọn ìyá wọn kì í fi balẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ń lọ sí yunifásítì a máa yà á ní fọ́tò. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó wà lábẹ́ ọ̀dà dídán yẹn àfi Akínkúnlé nìkan, òun náà sì ti pinnu pé òun ò ní sọ.

Ọláwọlé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ló ni ọkọ̀ náà nígbà ayé rẹ̀. Ó fẹ́ràn rẹ̀ bí ojú. Lọ́jọ́ tí ikú máa dé, kò tilẹ̀ gbé e jáde. Bọ́ọ̀sì èrò ló wọ̀ lọ sí Ìbàdàn, kò sì padà wá. Ìdílé gbé Gọ́ọ̀fù náà lọ sí àgbàlá Bàbá Awódélé ní Ìpetumodù, àgbà awakọ̀ akẹ́rù kan tó ti fẹ̀yìn tì. Abẹ́ igi máńgòrò ló wà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Òjò pa á, oòrùn pa á, adìyẹ ń yé sórí ìjókòó rẹ̀, ìpẹtà sì ń jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀ bọ̀ wá sókè.

Akínkúnlé ní òun máa sọ ọ́ di tuntun. Òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ni. Ó gbọ́n, ó sì mọ̀ pé òun gbọ́n. Èyí kejì yìí ló ń bà á jẹ́. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì dáadáa, òun ló tiẹ̀ máa ń gbé igbá ọrẹ, àmọ́ tó bá kúnlẹ̀, ara rẹ̀ ló máa ń bá sọ̀rọ̀. Ó fi ọkọ̀ akẹ́rù gbé Gọ́ọ̀fù náà wálé, ó gbé e lé orí búlọ́ọ̀kù, ó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń jó irin pọ̀, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é lórí fóònù. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, wàá bá a lábẹ́ ọkọ̀ yẹn, tó ń fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ìpẹtà títí ọwọ́ rẹ̀ fi lé ròrò.

Ohun kan wà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ̀rù ọ̀nà ń bà á. Ọ̀nà ló pa ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọ̀nà ti mọ ilé àwọn. Ìyẹn ló gbé e padà lọ sí Ìpetumodù lọ́jọ́ kan láìsọ fún ìyàwó rẹ̀, tó lọ jókòó níwájú Bàbá Awódélé.

Bàbá náà yọ nǹkan kan jáde látinú àpò rẹ̀, kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ, awọ ni wọ́n fi dì í, òwú pupa ni wọ́n fi so ó.

"Ìṣọ́ra ọkọ̀ nìyí," ni bàbá náà wí. "Òun ló gbé mi dé ọjọ́ ogbó yìí. Rì í mọ́ inú irin ọkọ̀ náà. Ṣùgbọ́n iná ò gbọdọ̀ kàn án o. Ọjọ́ tí iná bá kàn án, ẹni tó ni ọkọ̀ á tẹ̀ lé e."

"Ẹ ṣé, Bàbá," ni Akínkúnlé wí, ó sì dì í mú dé ilé.

Lábẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn, lápá ọ̀tún, nítòsí irin tó di ẹsẹ̀ táyà mú, ìpẹtà ti lu ihò kan tí ọwọ́ èèyàn lè wọ̀. Ibẹ̀ ló ki ìṣọ́ra náà bọ̀.

Ṣé o rí ohun tí ọkùnrin ọlọ́gbọ́n yìí ṣe? Ihò yẹn gan-an ló yẹ kó gé kúrò, kó fi iná jó irin tuntun dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n iná ò gbọdọ̀ kan ohun tó wà níbẹ̀. Nítorí náà, gbogbo ibi tó kù lára ọkọ̀ náà ló gé tó sì jó pọ̀. Ibẹ̀ nìkan ló fi sílẹ̀. Ó po pọ́tì, ìyẹn èlò rírọ̀ bí amọ̀ tí àwọn tó ń kun ọkọ̀ fi ń dí ojú ihò, ó fi dí i, ó fi sáńdípépà họ ọ́ títí ó fi jọ̀lọ̀, ó sì kun ọ̀dà lé e. Ohun tó ní kó máa ṣọ́ òun ni kò jẹ́ kó tún ibi tó jẹrà ṣe.

Ọlátúnbọ̀sún, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tó ń ta oúnjẹ ẹran ọ̀sìn ní Sábó, máa ń wá bá a ṣiṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ó mú òòlù kékeré, ó ń fi gbá ara ọkọ̀ náà káàkiri. Ibi gbogbo ń dún bí irin. Nígbà tó dé ibẹ̀ yẹn, ó dún bí ẹni gbá iṣu tó ti rà.

"Akin, kí ló wà níbí?"

"Pọ́tì díẹ̀ ni."

"Èyí kì í ṣe díẹ̀. Ibi tó gbé ẹsẹ̀ táyà dání nìyí. Jẹ́ ká gé e, ká fi irin sí i."

"Fi ibẹ̀ sílẹ̀."

Ọlátúnbọ̀sún wò ó lójú. "O ti fi nǹkan síbẹ̀, àbí?"

Akínkúnlé gba òòlù náà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Mi ò bá ẹ jà," ni Ọlátúnbọ̀sún wí. "Èmi náà ti bo nǹkan mọ́lẹ̀ rí. Ìwọ lo máa ń fà mí relé nígbà tí ọtí ń pa mí, tí mò ń sọ fún ìyá mi pé ibà ni. Kì í ṣe ọgbọ́n mi ló yọ mí. Jésù ló ní kí n gbé e síta kí òun bá mi gé e kúrò. Ohun téèyàn bò mọ́lẹ̀ kì í san, Akin. Ṣe ló ń tàn kálẹ̀."

"O ti bẹ̀rẹ̀ ìwàásù ẹ. Bá mi mú sáńdípépà yẹn wá."

Kò pẹ́ tí ọ̀dà ibẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Fisáyọ̀mi ìyàwó rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i. Akínkúnlé ha á, ó tún pọ́tì rẹ̀ ṣe, ó tún un kùn. Nígbà tí òjò rọ̀, ó tún wú.

"Bàbá Tẹni, ibẹ̀ yẹn tún ti wú o," ni obìnrin náà wí. "Ẹ̀rù ibẹ̀ ń bà mí."

"Ọ̀dà tí wọ́n tà fún mi ni kò dáa," ni ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn.

Lẹ́yìn náà ni ohùn kan bẹ̀rẹ̀. Tẹniọlá, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, fẹ́ràn àtijókòó sẹ́yìn lápá ọ̀tún, kó lè máa wo ìta. Àárọ̀ ọjọ́ kan tí bàbá rẹ̀ ń gbé e lọ sílé ìwé, ó ní, "Dádì, nǹkan kan ń dún lábẹ́ mi."

"Báwo ló ṣe ń dún?"

"Bí ìgbà tí ilẹ̀kùn bá rọra ń ṣí."

Akínkúnlé gbé ohùn rédíò sókè, wọn kò sì gbọ́ ọ mọ́. Ẹ̀ẹ̀melòó ni Ọlọ́run máa gbẹnu ọmọdé kìlọ̀ fún àgbàlagbà? Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ.

Sátidé kan nínú ìgbà òjò, Akínkúnlé gbé ọkọ̀ náà lọ sí Ìpetumodù láti fi han Bàbá Awódélé. Ọlátúnbọ̀sún jókòó níwájú, torí ó ní oníbàárà kan tó fẹ́ rí níbẹ̀. Tẹniọlá wà ní ibi tó máa ń wà. Bàbá Awódélé yí ọkọ̀ náà po, ó yìn ín, ọkàn Akínkúnlé sì wú. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, ọmọ náà ní, "Dádì, ó ń dún ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

"A ti ń délé," ni bàbá rẹ̀ wí.

Táyà ẹ̀yìn kó sínú kòtò kan. Nǹkan dún gbàù. Ọlátúnbọ̀sún rí táyà kan tó ń yí lọ níwájú wọn nínú koríko, kò sì tètè mọ̀ pé tiwọn ni. Lẹ́yìn náà ni ọkọ̀ náà fi ìdí wọ́ ilẹ̀, ó pòòyì, ó sì fi ẹ̀yìn ọ̀tún gbá afárá kékeré tó wà létí ọ̀nà.

Gbogbo nǹkan dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni Tẹniọlá ké.

Àwọn ọkùnrin méjèèjì jáde láìfarapa púpọ̀. Ọmọ náà ò lè jáde. Irin ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ti ká mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń dà. Àwọn obìnrin tó ń bó gbágùúdá nítòsí sáré wá, ọlọ́kadà kan sì lọ gbé ajórin kan wá láti ìlú. Ajórin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wò ó.

"Iná nìkan ló lè gé e," ló wí. Ó fa epo inú táǹkì ọkọ̀ jáde, wọ́n fi àpò tí wọ́n rẹ sínú omi bo ọmọ náà, ó sì tan iná rẹ̀.

"Ẹ dúró," ni Akínkúnlé wí.

Gbogbo wọn yíjú sí i. Òun nìkan ló mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Pọ́tì ti fọ́ wẹ́wẹ́ bí èèpo ẹyin, nínú ihò yẹn sì ni ìṣọ́ra náà wà, òwú pupa rẹ̀ ò tú, awọ rẹ̀ ò ha. Ẹ̀jẹ̀ ọmọ rẹ̀ ń ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ kó fà á yọ, kò yọ. Irin kan náà tó di ẹsẹ̀ ọmọ mú ló di òun náà mú.

"Iná ò gbọdọ̀ kan ibẹ̀," ló wí, ohùn rẹ̀ ò sì jọ tirẹ̀ mọ́.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ ọmọ yín ń dà sílẹ̀," ni ajórin náà wí.

Mi ò ní purọ́ fún ọ. Ọkùnrin náà rò ó. Lójú ọmọ rẹ̀ tó ń kú lọ, ó gbé ẹ̀mí ara rẹ̀ lé òṣùwọ̀n. Ibi tí ẹ̀rù lè gbé èèyàn dé nìyẹn.

Ọlátúnbọ̀sún gbá a mú léjìká. "Akin," ló wí jẹ́jẹ́, "ohun tí o fi síbẹ̀ gan-an náà ti há. Kò lè yọ ara rẹ̀. Ta lo fẹ́ ké pè báyìí?"

Orúnkún Akínkúnlé kanlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Gbogbo àdúrà tó ti ń kà ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, kò rántí ọ̀kan. Ó ní, "Jésù, orúkọ rẹ ni mo fi kun ara mi, inú mi ti jẹrà tán. Mo bẹ̀rù ikú, mi ò bẹ̀rù rẹ. Ṣàánú mi. Má jẹ́ kí ọmọ yìí kú nítorí mi." Lẹ́yìn náà, ó gbójú sókè sí ajórin. "Ẹ gé e. Gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ gé."

Iná kan awọ náà. Ó rùn bí awọ ewúrẹ́ tí wọ́n ń wì, ó di eérú, eérú náà sì bọ́ sínú ẹrẹ̀. Akínkúnlé dúró de ikú, ikú ò dé. Irin já, wọ́n sì gbé Tẹniọlá jáde lé e lọ́wọ́.

Ní ilé ìwòsàn, àwọn dókítà sọ pé àwọn ò ní gé ẹsẹ̀ náà, ṣùgbọ́n ọmọ náà á máa tiro. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀ ni Akínkúnlé ti jẹ́wọ́ ohun gbogbo fún ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà sunkún.

"Ẹ bá ti sọ fún mi pé ẹ̀rù ń bà yín," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ẹ̀rù ń ba èmi náà."

Àwọn méjèèjì gbàdúrà pọ̀ lọ́jọ́ náà, èyí tí wọn kò ṣe rí láti ìgbà ìgbéyàwó wọn. Akínkúnlé kò rò pé òun ò ní kú mọ́. Ó kàn mọ ọwọ́ ẹni tí òun wà ni, ìbẹ̀rù àtijọ́ yẹn sì tú u sílẹ̀.

Ọkọ̀ náà ṣì wà ní Mayfair. Òun àti Ọlátúnbọ̀sún gé gbogbo ibi tó jẹrà, wọ́n jó irin tuntun mọ́ ọn. Wọn ò tíì kùn ún, ojú ìjó náà sì hàn síta fún ẹni tó bá fẹ́ rí i. Lọ́jọ́ tí wọ́n parí rẹ̀, Tẹniọlá tiro jáde, ó gba òòlù kékeré lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, ó sì gbá ibẹ̀.

"Ó dún bí irin, Dádì," ló wí.

Ọ̀rẹ́ mi tó ń ka èyí, ìwọ ńkọ́? Bóyá o kò ní ọkọ̀, o kò sì mọ ilé ẹni tó ń ta ìṣọ́ra. Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú ayé rẹ tí o kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá. Bóyá obìnrin tàbí ọkùnrin kan ni, bóyá ọtí, bóyá ohun tí o so mọ́ ìdí lábẹ́ aṣọ tí o wọ̀ lọ sílé Ọlọ́run. Ó ti wú rí, o ha á, o tún un kùn. Ìwọ nìkan lo mọ iye ìgbà tó ti dún.

Ọlọ́run ti sọ fún wa pé ẹni tó bá ń bo ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò ní rí ire, ṣùgbọ́n ẹni tó bá jẹ́wọ́ rẹ̀ tó sì fi í sílẹ̀ yóò rí àánú gbà. Jésù kò wá kun ọ́ ní ọ̀dà. Ó ti ta ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lórí àgbélébùú kó lè gé ohun tó ń jẹ ọ́ kúrò, kó sì fi ọkàn tuntun dípò rẹ̀. Yóò dùn ọ́, mi ò ní tàn ọ́. Ṣùgbọ́n iná tí o ń sá fún yìí ni ìgbàlà rẹ.

Níbi tí o wà yẹn, kí o tó gbé ìwé yìí sílẹ̀, sọ ibẹ̀ fún un. Dárúkọ rẹ̀. Sọ pé, "Jésù, ibí ni. Gé e." Má ní ó di ọ̀la, má ní ó di ìgbà tí o bá délé. Akínkúnlé náà sọ pé àwọn ti ń délé, nígbà tí táyà rẹ̀ ti fẹ́ ṣáájú rẹ̀ lọ.