Ẹ̀rọ Tó Kéde Oyún Àbíkẹ́

Orí bẹ́ǹṣì àwọn aboyún ni Kàdíjátù ti kọ́kọ́ rí i. Ọkùnrin gíga kan ni, ó bọ́ bàtà sílẹ̀, ó gun bẹ́ǹṣì, ó ti orí bọ inú àjà, wáyà rọ̀ mọ́ ọn lọ́rùn, eruku sì ń já bọ́ sórí gèlè àwọn obìnrin tó dúró yí i ká. Wọ́n dúró o! Àwọn tó gbé oyún wá láti abà, tí ẹsẹ̀ wọn ti wú, ni wọ́n wà lórí ìró nítorí pé géńdé kan ń lo ìjókòó wọn.

"Ta ló ní kí ẹ gun ibẹ̀?" Kàdíjátù gbé àwo abẹ́rẹ́ kalẹ̀. "Ṣé ẹ ò rí ikùn ni?"

Ọkùnrin náà yọ orí jáde. Jàǹkárìwọ̀ ti bo gbogbo irun rẹ̀. "Ẹ má bínú, nọ́ọ̀sì. Kọ̀ǹpútà la fẹ́ gbé wá fún yín. Iná rẹ̀ ni mò ń fà."

"Ṣé kọ̀ǹpútà ló ní kí aboyún máa dúró?"

Àwọn obìnrin bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà bọ́ sílẹ̀ wéré, ó fi áńkáṣíìfù ara rẹ̀ nu bẹ́ǹṣì náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ń bẹ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan pé, "Ẹ jókòó, ẹ̀yin ìyá mi." Kàdíjátù pòṣé sí i, ó sì wọlé lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tó ń nu bẹ́ǹṣì yẹn kò kúrò lójú rẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ náà.

Mùstàfá ni orúkọ ọkùnrin náà. Ọmọ Ìgbájọ ni, ṣùgbọ́n Èkó ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ilé iṣẹ́ kan ní Òṣogbo ló rán an wá sí ilé ìwòsàn kékeré yìí ní Ìlá. Kàdíjátù ní tirẹ̀, ọmọ Alájì Sàlámì onímọ́tò ni, ó sì ti pẹ́ tí inú ti ń bí i. Ẹ jọ̀ọ́, ta ni inú kò ní bí? Eku ti jẹ káàdì àwọn aboyún nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru á dé, wọn á ní kó tún ìtàn ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí wọn ò rí rí. Àwọn tó sì ń ṣèlérí lórí rédíò kò fi ìdí kan bẹ́ǹṣì yẹn rí láyé wọn!

Nítorí náà, lọ́jọ́ tí Mùstàfá kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń lo kọ̀ǹpútà pẹlẹbẹ náà, tó rí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ obìnrin kan láti ìgbà tó ti ń bọ̀ tí gbogbo rẹ̀ tò sójú kan, tí ẹ̀rọ sì pọ́n wẹ̀ẹ̀ láti kìlọ̀ pé ẹni yìí kò gbọdọ̀ padà sílé lásán, kò fẹ́ gbé e kalẹ̀ mọ́.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ ò bínú lónìí?"

"Ẹ fara balẹ̀, mò ń wá ibi tí màá gbà bínú ni."

Láti ìgbà náà, iṣẹ́ tó yẹ kó parí kò parí mọ́. Wáyà tí kò ṣe nǹkan kan á bàjẹ́, Mùstàfá á wọ mọ́tò wá láti Òṣogbo, á ra ọsàn lójú ọ̀nà, wọ́n á jọ jókòó lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn ilé ìwòsàn. "Ìbínú mi dà?" ló máa ń wí tó bá dé. Kàdíjátù á ní, "Ìbínú rẹ ń bọ̀, jẹ́ kí n fọwọ́ ná." Ẹ ò rí i, "ẹ" ti di "o" kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ibẹ̀ ni Mùstàfá ti gbé ohùn ẹ̀rọ náà fún un gbọ́. Ó ní ẹ̀rọ á máa pe àwọn aboyún lórí fóònù, á sì máa fi Yorùbá bá wọn sọ̀rọ̀. Ó tẹ̀ ẹ́, ohùn obìnrin kan dún: "Oyún yín ti wọ oṣù kẹta. Ẹ má gbàgbé láti wá fún àyẹ̀wò lọ́la."

"Má jẹ́ kó dárúkọ oyún," ni Kàdíjátù wí lójú ẹsẹ̀. "A kì í kéde oyún níbí. Tí ikùn bá yọ, kí ikùn sọ fún wọn. Ìyàwó mìíràn wà tí kò ní í sọ fún ìyá ọkọ pàápàá."

Mùstàfá rẹ́rìn-ín. "Kàdíjá, ayé ti lajú."

"Ayé ibo? Ti Èkó?"

Ó ní òun ti gbọ́, òun á tún un ṣe. Kò tún un ṣe! Ó padà sí Òṣogbo, iṣẹ́ mìíràn gbà á lọ́kàn, ó sì gbàgbé pátápátá.

Àbíkẹ́ télọ̀, ìyàwó Fàrúkù, ni ìyà náà já lé lórí. Oyún ti bàjẹ́ lára rẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, nítorí náà, yàtọ̀ sí ọkọ rẹ̀, Kàdíjátù nìkan ló sọ èyí fún. Fóònù tirẹ̀ ti fọ́, nọ́ńbà ọkọ rẹ̀ ló fún wọn. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ pè, Fàrúkù ti fi fóònù náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Etí màmá náà kò gbọ́ràn tó, ó sì ti mọ́ ọn lára láti jẹ́ kí fóònù máa pariwo. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ṣe ròyìn oyún Àbíkẹ́ ketekete lágbàlá, lójú orogún Àbíkẹ́ tó ń sẹ́ gàrí. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo àdúgbò ti gbọ́.

Àbíkẹ́ wá sí ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì. Kò wọlé. Ó wo Kàdíjátù, omi lé ròrò lójú rẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì, ìwọ nìkan ni mo sọ fún."

Ó yí padà, ó lọ. Kò pẹ́ tí àwọn obìnrin mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá níwájú ilé ìwòsàn bí ẹni tí kò mọ ibẹ̀. Wọ́n ní ẹnu nọ́ọ̀sì yẹn kò dáa, kò lè pa àṣírí mọ́.

Ìjọba ìbílẹ̀ rán èèyàn wá wádìí. Ọ̀gá nọ́ọ̀sì, Ìyáàfin Ẹfúnróyè, wà níbẹ̀. Mùstàfá àti Gabriel, ọ̀gá rẹ̀ láti Òṣogbo, náà wà níbẹ̀. Gabriel ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ẹ̀rọ wa kò ní àṣìṣe kankan. Nọ́ọ̀sì ló tẹ ohun tí kò yẹ kó tẹ̀."

"Èmi?" Kàdíjátù dìde. "Mùstàfá, sọ fún wọn. Ṣé mi ò kìlọ̀ fún ọ?"

Mùstàfá ń wo bàtà ara rẹ̀. Kò sọ nǹkan kan.

Háà, ẹ wo ọkùnrin! Ẹni tó ń jẹ ọsàn lábẹ́ igi, tó ń pe èèyàn ní ìbínú mi! Wọ́n ní kí Kàdíjátù lọ jókòó sílé ná, títí wọn á fi pinnu bóyá yóò tún ṣe nọ́ọ̀sì mọ́. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ. Nígbà tó délé, Alájì Sàlámì gbọ́ tán, ó ní, "N kò gbọdọ̀ rí ẹsẹ̀ ọmọkùnrin yẹn nílé mi."

Mùstàfá wá ṣá. Alájì kò sí nílé, Kàdíjátù bá a lẹ́nu géètì, kò ṣí i fún un.

"Ẹ̀rù ló bà mí, Kàdíjá. Gabriel ní bí mo bá lanu, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi."

"Tèmi ńkọ́? Ṣé tèmi kì í ṣe iṣẹ́ ni?"

"Jọ̀ọ́, dárí jì mí."

"Má bẹ̀ mí! Ṣé èmi ni ẹ tú àṣírí rẹ̀? Lọ bá Àbíkẹ́."

Ó sunkún lẹ́yìn tí ọkùnrin náà lọ, nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀ síbẹ̀, èyí gan-an ló sì ń bí i nínú jù.

Ìyá Fàrúkù fúnra rẹ̀ ló wá ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà fún Kàdíjátù nílé, Àbíkẹ́ tẹ̀ lé e. "Ọmọ náà wá dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní àgbàlá mi, lójú gbogbo ilé. Ó ní òun lòun jẹ̀bi, pé nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún òun. Mo bú u o! Mo ní, ṣé ẹni tó kọ́ ẹ̀rọ yẹn ní ìyá? Kò dìde títí mo fi bú u tán. Ó ní ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ lòun ń lọ láti ibẹ̀."

Ó lọ lóòótọ́. Ó sọ ọ́ lójú Gabriel, iṣẹ́ sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ohun tó ṣe kẹ́yìn kó tó lọ ni pé ó tún ẹ̀rọ ṣe: kò dárúkọ oyún mọ́, ó kàn ń kí èèyàn, á ní kí wọ́n yà kí nọ́ọ̀sì.

Wọ́n pe Kàdíjátù padà. Àbíkẹ́ ló kọ́kọ́ wọlé sí i. Kàdíjátù wọn ìfúnpá rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ sínú ẹ̀rọ, ojú ẹ̀rọ pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ó ti ń gòkè díẹ̀díẹ̀ láti ìgbà tó ti ń bọ̀, bẹ́ẹ̀ ara rẹ̀ kò sọ fún un. Kò sí ọkọ̀ ìwòsàn, kí la tún fẹ́ wí? Mọ́tò Alájì Sàlámì ni wọ́n fi gbé e lọ sí Òṣogbo, Alájì fúnra rẹ̀ ló wà á, Kàdíjátù sì tẹ̀ lé wọn. Kí wọ́n tó débẹ̀, ohun tó wà nínú ẹ̀rọ ti ṣáájú wọn débẹ̀, àwọn dókítà ti ń dúró. Kò sẹ́ni tó ní kí Àbíkẹ́ tún ìtàn bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gba ẹ̀mí rẹ̀ là, oyún náà kò sì bàjẹ́.

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, Alájì ní, "Ọmọ yẹn ló fi ẹ̀rọ yẹn síbẹ̀?"

"Òun ni, Bàbá."

"Ní kó wá rí mi."

Mùstàfá wá. Ó ti gba ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá gáréèjì Ìlá, ó ń tún fóònù ṣe. Alájì wò ó tìtì.

"Wọ́n bi ọ́ ní ìbéèrè nígbà kan, o dákẹ́, ọmọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ iṣẹ́ rẹ̀ nù. Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé o ò tún ní í dákẹ́?"

"Ẹ̀rù lè tún bà mí, sà. Ṣùgbọ́n n kò ní í dákẹ́ mọ́."

"Tó bá dán an wò," ni Kàdíjátù ké láti inú yàrá, "gbogbo Ìlá ló máa gbọ́ ohùn mi!" Alájì rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó nìkáà wọn, nígbà tí Mùstàfá ti sọ tirẹ̀ níta, àáfà wọ yàrá tí Kàdíjátù jókòó sí láàárín àwọn obìnrin, ó sì bi í bóyá ó gbà láti fẹ́ ẹ. Ọ̀pọ̀ ìyàwó kì í dáhùn níbẹ̀. Wọn á tẹrí ba, àáfà á sì ní ìdákẹ́ wọn ti tó. Àáfà ti fẹ́ yí padà sọ́dọ̀ àwọn ẹlẹ́rìí, ó ní, "Ó dákẹ́, ó ti gbà."

"N kò dákẹ́!" Kàdíjátù gbé orí sókè, ó sọ̀rọ̀ tó fi jẹ́ pé Mùstàfá gbọ́ ọ níta. "Ẹ má fi ìdákẹ́ gba tèmi, àáfà. Mo ní mo gbà!"