Ẹ Kú Òjò Láti Ṣáínà

Ìwé ẹ̀rí NCE Tolúwalọpẹ́ ti pòórá. Àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n pè é láti ilé-ìwé kan pé iṣẹ́ tíṣà tí ó ti ń wá láti ọdún mẹ́ta ti bọ́ sí i. Kí ó mú ojúlówó ìwé náà wá ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn kò gba fọ́tòkọ́pì. Ó tú àpótí, ó tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ìyá rẹ̀, Mary Oyèníyì, ń wò ó títí ó fi rẹ ọmọ náà.

"Má wá a mọ́. Mo ti kó o fún Olúfẹ́mi pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù rẹ."

Ta ni kò mọ Olúfẹ́mi ní Oǹdó? Ọdún tó kọjá ló dé láti Ṣáínà, tó ń ti pálọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, tó ń ròyìn Shenzhen, ìlú tí wọ́n ti ń to fóònù. Ó ní wákàtí mọ́kànlá ni wọ́n ń dúró lójúmọ́, nọ́ńbà ni wọ́n fi ń pe èèyàn dípò orúkọ, èèyàn mẹ́jọ ní yàrá kan, bẹ́ẹ̀dì lórí bẹ́ẹ̀dì. Tó bá di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, àwọn òṣìṣẹ́ á jókòó sórí àga kéékèèké létí títì, wọ́n á máa jẹ ẹran sísun, wọ́n á máa pe ìyá wọn ní abúlé. Ìnira inú ìròyìn náà gan-an ló jẹ́ kí wọ́n gbà á gbọ́. Èèyàn mẹ́tàlélógún ló kó ìwé fún un kó lè bá wọn wáṣẹ́ síbẹ̀. Ó ní òun ń padà lọ tún ààyè wọn ṣe, láti ìgbà náà ó di ohùn orí fóònù.

Mary pè é lọ́sàn-án ọjọ́ náà, bó ṣe ń yí kòkó tó sá síwájú ilé. Oòrùn ń ta á lẹ́yìn.

"Màmá, ẹ kú òjò o," ni Olúfẹ́mi wí. "Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti ilé-iṣẹ́ bọ̀ ni."

"Mo fẹ́ gba ìwé ọmọ mi padà."

"Ó ti wà lọ́dọ̀ ọ̀gá àwọn ará Ṣáínà. Ẹ ní sùúrù."

Ó gé fóònù. Mary wo ojú ọ̀run, kò rí ìkùukùu kan. Kò pẹ́ ni àbúrò rẹ̀, Goodness, tó ń ránṣọ ní Ọjà Ọba, Àkúrẹ́, pè é láti ráhùn.

"Àǹtí mi, òjò ti wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Láti aago kan ló ti ń rọ̀."

Mary jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Sájẹ́ǹtì Kìtán, ọmọ Òkìtìpupa, ló gbọ́ ẹjọ́ náà ní àgọ́ ọlọ́pàá Àkúrẹ́ ní Ọjọ́rú, pẹ̀lú ojú ẹni tí oorun ń dà láàmú.

"Ó lè jẹ́ òjò Ṣáínà ló ń sọ, Màmá."

"Ta ló ń kí ará Oǹdó kú òjò Ṣáínà? Àkúrẹ́ níbí ni òjò rọ̀ sí lánàá, ibí ló wà."

Kìtán rẹ́rìn-ín, ó fa bébà mọ́ra.

Wọ́n ní kí Goodness pe Olúfẹ́mi, kó ní ọmọ òun náà fẹ́ lọ. Olúfẹ́mi ní àbúrò òun á wá gba ìwé. Ní Ọjọ́bọ̀, ọkùnrin kan dé sí ṣọ́ọ̀bù náà, ó fi aṣọ bo imú àti ẹnu, ó fa fìlà bojú.

"Olúfẹ́mi," ni Mary pè láti ẹ̀yìn kọ́tìnnì.

"Mà," ló dáhùn, kó tó rántí pé Ṣáínà ni òun wà.

Ó fo ẹ̀rọ ìránṣọ kọjá, ó bọ́ sórí ọ̀kadà. Kìtán ti ń ṣọ́ ìta, kẹ̀kẹ́ Máàrúwá tó wọ̀ tẹ̀ lé e títí ọjà fi dí i lọ́nà. Kìtán padà síbi tí àwọn ọlọ́kadà máa ń dúró sí, ó jókòó, ó ń mu omi. Nígbà tó yá, ọlọ́kadà tó gbé Olúfẹ́mi dé.

"Níbo lo já a sí?"

"Ọ̀bà-Ilé, sà. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò mọ̀ ọ́n rí."

Ẹ̀yìnkùlé ilé tí ọlọ́kadà náà júwe ni wọ́n ti mú Olúfẹ́mi, báàgì ti wà léjìká rẹ̀. Ìwé àwọn èèyàn ló kún inú rẹ̀. Ó ti ń ta wọ́n fún àwọn tí kò ní. Ti Tolúwalọpẹ́ ló wà lókè, ẹni tó fẹ́ rà á ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

"Ilé-iṣẹ́ wo lo ti ṣiṣẹ́ ní Shenzhen?" ni Kìtán bi í ní àgọ́.

Olúfẹ́mi yọ fìlà, ó gbé e lé itan.

"Sọ òótọ́. Ó ti rẹ̀ mí."

"Ó rẹ èmi náà, sà. Wọn ò gbà mí síbẹ̀. Páálí ni mò ń gbé ní ọjà wọn. Ọmọbìnrin kan tó ń to fóònù ló ń sọ bí inú ibẹ̀ ṣe rí fún mi. Wọ́n dá mi padà. Ìròyìn nìkan ni mo rí kó bọ̀."

"O wá ń fi lu jìbìtì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Kìtán ní ẹ̀rí ni ìwé wọ̀nyẹn, kò yẹ kí wọ́n kúrò ní àgọ́. Ó tún wo ojú Tolúwalọpẹ́ tó bá ìyá rẹ̀ wá. Ó ya fọ́tò ìwé tirẹ̀, ó ní kó fọwọ́ sí i, kó máa mú un lọ. Ọmọ náà gbà á, ó sunkún, kò tilẹ̀ nu ojú.

Nínú mọ́tò Oǹdó, nígbà tí wọ́n kọjá ìlú Ipogun, Mary yíjú sí ọmọ rẹ̀.

"Má bínú," ni Mary wí. "Bí o ṣe ń jókòó sílé lójoojúmọ́ ló sú mi. Mo ní kí o ṣáà lọ."

"Mo mọ̀, Mọ́mì."

Mary na ọwọ́. "Mú un wá, kí n bá ọ fi sínú báàgì mi."

Tolúwalọpẹ́ gbé ìwé náà mọ́ àyà.

"Ẹ jẹ́ ó wà lọ́wọ́ mi, mà."