Àwọ̀n Tó Fúyẹ́ Jù

Ojú ọkùnrin náà wú débi pé aránṣọ kọ́kọ́ rò pé àwọn kan ló lù ú lójú ọ̀nà. Ó ti kẹ̀kẹ́ kan tí ẹrẹ̀ bò dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e ti ògiri, ó sì wọlé tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ojú rẹ̀ kan ṣoṣo ló ṣì là dáadáa. Etí rẹ̀ méjèèjì pọ́n, ọrùn rẹ̀ kún fún ìléròrò, ó sì ń fi ẹsẹ̀ kan họ ẹsẹ̀ kejì bí ó ṣe ń kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ẹ lè bá mi rán ilé?"

"Ilé báwo?"

"Ilé tí mo lè ká sínú àpò ṣòkòtò. Ẹ̀fọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ mí tán."

Aránṣọ gbìyànjú láti pa ẹ̀rín mọ́ra bí ó ti yẹ kí èèyàn ṣe níwájú oníbàárà tuntun, ṣùgbọ́n ẹ̀rín bọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ọkùnrin náà kò bínú. Ó jókòó lórí àpótí, ó sì rojọ́ ara rẹ̀. Òun ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilé iṣẹ́ àtúnṣe kẹ̀kẹ́ sí ojúlé kẹta sí ti aránṣọ. Bí ó bá ti di ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, yóò ti ilẹ̀kùn, yóò gun kẹ̀kẹ́ jáde nílùú, ibi tí ilẹ̀ bá sì ṣú u sí ni yóò sùn. Àgọ́ ń wúwo, ó sì ń mú ooru. Nítorí náà orí ẹní lásán ló ń sùn, àwọn ẹ̀fọn sì ti mọ̀ ọ́n bí ẹni mọ owó.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo yìí kì í ṣe eré lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ti fi ayùn gé ọrùn búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín rẹ̀ kúrò. Ó ní òṣùwọ̀n kékeré kan, ẹyin ló sì fi ń ka ohun gbogbo: ẹní jẹ́ ẹyin márùn-ún, sípáná jẹ́ ẹyin méjì. Gbogbo àdúgbò ti sọ ọ́ ní Fúyẹ́ kí oṣù tó pé tí ó dé.

Aṣọ orí ni aránṣọ kọ́kọ́ rán fún un: fìlà tó ní etí gbooro, àwọ̀n wínníwínní yí i ká dé èjìká, rọ́bà sì wà lẹ́nu rẹ̀ tó ń fún un mọ́ ọrùn. Lẹ́yìn náà ni ó wá rán àwọ̀n tí yóò sùn sí. Fúyẹ́ ní òun yóò dojú kẹ̀kẹ́ dé, òun yóò na okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti ara rẹ̀ dé ara igi, òun yóò sì gbé àwọ̀n kọ́ ọ. Ìgbà tí ó gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó fajú ro.

"Ẹyin mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gé etí rẹ̀ yìí kúrò. Ìgbọ̀nwọ́ kan gbáko ló ń wọ́ nílẹ̀."

"Etí yẹn lẹ máa tẹ̀ mọ́ abẹ́ ẹní. Tí mo bá gé e, aṣọ fèrèsé lẹ ní, kì í ṣe àwọ̀n."

"Ẹ ò ní gé e?"

"Mi ò ní gé e. Ẹ lọ bẹ ẹ̀fọn kó bá yín gé e."

Láti ìgbà náà, gbogbo òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé ni Fúyẹ́ ń wá jábọ̀. Yóò ká apá aṣọ sókè, yóò ní, "Ẹ wò ó, méjì péré!" Aránṣọ yóò yẹ̀ ẹ́ wò, yóò sì bá a wí pé aṣọ rẹ̀ ló lẹ̀ mọ́ ọn jù, pé kó wá èyí tó tóbi tó sì funfun, kó sì ki ẹsẹ̀ ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ìkíni ìṣẹ́jú márùn-ún di wákàtí kan. "Ẹ" di "ìwọ" láìjẹ́ pé ẹnì kan nínú wọn rí ọjọ́ tí ó yí padà. Ìgbà tí ọjọ́ Ajé kan wá kọjá tí òjò kò jẹ́ kó wá, aránṣọ rán ẹnu ṣòkòtò oníbàárà pọ̀, ó sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti di ti ìfẹ́.

"Mo fẹ́ rí ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ mi ń sùn," ni ó sọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e.

Fúyẹ́ lọ ṣa àwọn irin àlòkù jọ, ó sì to kẹ̀kẹ́ kan fún un lọ́sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n lọ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lọ lẹ́ẹ̀kejì. Fúyẹ́ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń yan ibùsùn: orí òkè tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, tó jìnnà sí omi adágún, nítorí ẹ̀fọn kò lè bá atẹ́gùn jà. Igi kan náà ni wọ́n ń kọ́ àwọ̀n Fúyẹ́ àti èyí tí aránṣọ rán fún ara rẹ̀ mọ́, ẹní Fúyẹ́ lọ́tùn-ún, ti aránṣọ lósì, wọn a sì máa bára wọn sọ̀rọ̀ láti inú àwọ̀n sí àwọ̀n títí oorun yóò fi gbé wọn lọ.

Ní alẹ́ ìrìn kejì yẹn, Fúyẹ́ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Tá a bá ti ìrìn tó ń bọ̀ dé, màá mú ọ lọ sọ́dọ̀ màmá mi."

Inú aránṣọ dùn débi pé kò lè sùn. Ayọ̀ yìí gan-an ló ṣi í lọ́nà. Ó fẹ́ ṣe ohun kan tí yóò ya Fúyẹ́ lẹ́nu. Aṣọ ìbòjú ìyàwó kan ṣẹ́ kù nínú àpótí rẹ̀, ó rọ̀, ó fúyẹ́ bí èéfín, ó sì fi rán àwọ̀n tuntun fún ara rẹ̀. Ihò rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ ju ti àwọ̀n gidi lọ. Ó rí i. Ó fi ojú wọ̀n ọ́n, ó ní ẹ̀fọn kò ní lè gba ibẹ̀.

Ìgbà tí Fúyẹ́ gbé e sórí òṣùwọ̀n, ó pariwo. "Ẹyin kan! Aránṣọ mi, o ti gba orúkọ mi lọ́wọ́ mi!"

Ìyìn yẹn dùn mọ́ ọn nínú ju owó iṣẹ́ lọ.

Ní ìrìn kẹta náà, kò sí atẹ́gùn, ìrì sì sẹ̀ púpọ̀. Aránṣọ gbọ́ tí nǹkan ń kùn létí rẹ̀, ó rò pé ìta ló wà, ó sì sùn lọ nítorí ó ti rẹ̀ ẹ́. Ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́, ó na ọwọ́, ọwọ́ rẹ̀ sì kan etí àwọ̀n tí wọ́n rán ní ìlọ́po méjì. Aránṣọ kì í ṣi iṣẹ́ ara rẹ̀ mọ̀. Àwọ̀n Fúyẹ́ ló bò ó.

Ó dìde jókòó. Fúyẹ́ wà lábẹ́ aṣọ ìbòjú ní apá kejì igi, ó káwọ́ sínú apá aṣọ, ó dojú bolẹ̀. Fìlà alàwọ̀n rẹ̀ ti bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìrì ti mú kí aṣọ náà fà, ihò rẹ̀ sì ti là gbàràgàdà.

"Kí lo ṣe yìí?"

"Mo gbọ́ wọn nínú àwọ̀n rẹ. Wọ́n ń ṣèpàdé."

"Kí ló dé tí o ò jí mi?"

"O sùn fọnfọn. O tún ń hanrun."

"Èmi kì í hanrun!"

"Bẹ́ẹ̀ ni, olólùfẹ́ mi. Ẹ̀rọ ìránṣọ ló tẹ̀ lé wa wá."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín, Fúyẹ́ náà sì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú ti aránṣọ. Ọmọ iṣẹ́ ọdún kìíní mọ̀ pé aṣọ ìbòjú ń fà tí omi bá kàn án. Òun mọ̀ ọ́n, ìyìn ló ń wá tí ó fi gbàgbé.

Ọjọ́ kejìlá lẹ́yìn ìrìn náà ni ara Fúyẹ́ gbóná. Ó ní iṣẹ́ ló pọ̀, ó rọ́jú ṣiṣẹ́ fún ọjọ́ méjì sí i. Ní ọjọ́ kẹta, màmá rẹ̀ bá a nílẹ̀ láàárín àwọn táyà, gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì mọ ẹni tó ń pè é. Ibà ti gun orí. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó fi sùn ní ilé ìwòsàn láìjí. Aránṣọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò lè jẹun, kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni ohun tó ń jẹ ẹ́ lọ́kàn.

Ìgbà tí Fúyẹ́ lajú, ó wo màmá rẹ̀, ó wo dókítà, ó wo aránṣọ.

"Kí ló dé tí gbogbo yín ń la ẹnu láìsọ̀rọ̀?" ni ó béèrè.

Etí rẹ̀ méjèèjì ti di. Dókítà ní wọn kò ní ṣí mọ́.

Màmá Fúyẹ́ ń ṣiṣẹ́ ní ibi tí wọ́n ti ń fọ aṣọ ní ilé ìwòsàn kan náà. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn tí Fúyẹ́ lajú ni aránṣọ lọ bá a níbẹ̀. Ìyá náà ń ká aṣọ ibùsùn, aṣọ ńlá tó gba ènìyàn méjì, òun nìkan ló sì ń bá a wọ̀yá ìjà. Aránṣọ di etí kejì mú. Wọ́n ká mẹ́rin kí ó tó lè lanu.

"Màmá, èmi ni mo rán àwọ̀n burúkú náà. Èmi ló yẹ kí ẹ̀fọn jẹ. Ó fún mi ní tirẹ̀, ó sì fi tèmi bora nígbà tí mo sùn."

Ìyá náà dúró. Aṣọ wà láàárín wọn.

"Ó sọ fún mi pé òun ló gbàgbé láti tẹ etí àwọ̀n bọ abẹ́ ẹní," ni ó sọ. Ó nu ojú rẹ̀ sí èjìká. "Èmi ni mo bí i, mo mọ̀ pé ohun tó máa ṣe nìyẹn. Mi ò gbé ọ ṣépè, ọmọ mi. Ṣùgbọ́n má tíì wá sílé mi. Tí mo bá rí ọ, inú mi á máa bàjẹ́. Jẹ́ kó rọlẹ̀ díẹ̀."

Wọ́n ká àwọn tó kù tán.

Fúyẹ́ padà sí ilé iṣẹ́. Aránṣọ ń wá lójoojúmọ́. Ó ń gbálẹ̀, ó ń fọ aṣọ rẹ̀, ó sì ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ "Má bínú" sára pátákó tí Fúyẹ́ ń kọ iṣẹ́ àwọn oníbàárà sí. Fúyẹ́ yóò pa á rẹ́. Lọ́la yóò tún kọ ọ́. Bí oṣù kan ti lọ báyìí, Fúyẹ́ ju sípáná sílẹ̀ lọ́jọ́ kan. Kò mọ ìwọ̀n ohùn ara rẹ̀ mọ́, gbogbo òpópónà ló sì gbọ́ ọ.

"Tí kì í bá ṣe ti àwọ̀n yẹn, ṣé wàá máa wá? O ń wá bí ẹni tí wọ́n ní kó wá ṣẹ̀wọ̀n! Mo fẹ́ fi ọ́ ṣaya ni, mi ò fẹ́ jẹ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n fún ọ. Máa lọ!"

Aránṣọ lanu láti fèsì. Fúyẹ́ di ojú ara rẹ̀ méjèèjì pinpin. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí ènìyàn lè gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ju ojú náà lọ. Aránṣọ dúró títí ó fi rẹ̀ ẹ́, ó sì lọ.

Ó sunkún ní alẹ́ ọjọ́ náà títí orí fi ń fọ́ ọ. Ohun tó dùn ún jù ni pé òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Láti ilé ìwòsàn, kò tíì bá ọkùnrin yìí ṣe àwàdà kan, kò tíì ta kò ó lẹ́ẹ̀kan. Bí ó bá ti wò ó, ẹ̀bi ara rẹ̀ ló ń rí. Ó ti ń ṣàárò Fúyẹ́ láti ìgbà náà, bẹ́ẹ̀ sì ni ojoojúmọ́ ló ń lọ sọ́dọ̀ rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá. Ní ọjọ́ kan tí ó gun kẹ̀kẹ́ lọ ra òwú, kẹ̀kẹ́ náà bẹ̀rẹ̀ sí í han, kíí-kíí, kíí-kíí, títí dé ọjà, títí dé ilé. Inú bí i. Ìbínú náà kò ní ẹ̀bi kankan nínú, ó sì yà á lẹ́nu pé ó dùn. Ó yí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ sí ojúlé kẹta, ó ti kẹ̀kẹ́ wọlé, ó gba ṣọ́ọ̀kì, ó sì kọ ọ́ gàdàgbà:

"Iṣẹ́ jákujàku. Ó ń han. Mi ò ní kúrò níbí títí wàá fi tún un ṣe."

Fúyẹ́ kà á. Ó tún un kà. "Iṣẹ́ mi lo pè ní jákujàku?"

Aránṣọ mi orí gidigidi pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Níbo ló ti ń han?"

Aránṣọ ká apá mọ́ àyà. Èmi kọ́ ni mo ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, ni ojú rẹ̀ wí.

Fúyẹ́ dojú kẹ̀kẹ́ dé. Ó yí táyà, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé irin, ó sì ń sún un díẹ̀díẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn ń wá ibi tó ń dun ọmọ. Ó dúró. "Ó wà níbí." Ó mú sípáná, ó fún nǹkan kan, ó kán òróró sí i, ó sì tún yí i. Kẹ̀kẹ́ náà pa rọ́rọ́. Fúyẹ́ gbójú sókè sí i.

"Ṣé ó ti dákẹ́?"

Ìbéèrè náà gún aránṣọ lọ́kàn. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó gbìyànjú láti má sunkún, kò sì ṣeé ṣe.

"Màmá mi béèrè ọ lánàá," ni Fúyẹ́ sọ. Ó ń gbìyànjú láti rẹ ohùn sílẹ̀. "Ó kọ ọ́ sínú ìwé fún mi pé, 'Ọmọ yẹn dà?'" Ó nu ọwọ́ sí àkísà fún ìgbà pípẹ́. "Tí ọmọ wa bá ń sunkún lóru, ìwọ nìkan lá máa jí. Tí o bá pè mí láti yàrá kejì, mi ò ní dáhùn. Mi ò ní gbọ́ ohùn rẹ mọ́, títí ayé. Ṣé o mọ̀?"

Aránṣọ mọ̀. Ó ti ronú lé e ju bí Fúyẹ́ ti rò lọ.

"Tí o bá mọ̀ ọ́n, ṣé wàá fẹ́ mi?"

Ilẹ̀ ti ń ṣú, ojú kò sì rí ẹnu dáadáa mọ́ nínú ilé iṣẹ́ náà. Aránṣọ na ọwọ́ sí ṣọ́ọ̀kì. Fúyẹ́ di ọwọ́ náà mú.

"Má kọ ọ́. Fi ẹnu sọ ọ́ fún mi."

Fúyẹ́ gbé ìka rẹ̀ tí òróró ṣì wà lára wọn, ó fi wọ́n lé ọ̀nà ọ̀fun aránṣọ kí ó lè fi ọwọ́ mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń gbọ̀n.

"Màá fẹ́ ọ," ni aránṣọ wí.

"Tún un sọ."

"Màá fẹ́ ọ."

"Ẹ̀ẹ̀kan sí i."

Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹta, ẹkún sì já ohùn náà sí méjì. Fúyẹ́ fa orí rẹ̀ mọ́ àyà.

"Mo gbọ́," ni ó wí. Kò gbọ́. Aránṣọ mọ̀ pé kò gbọ́, ó sì ń sọ ọ́ lọ mọ́ ọn láyà, ó ń sọ ọ́ lọ, títí ilẹ̀ fi ṣú pátápátá.